Rhodanese: Ẹ́ńsáìmù Ẹ̀dọ̀ Tó Ń Dojú Kọ Oró Ẹ̀gẹ́

Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí méjì láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, F. K. Agboọlá àti R. E. Okonji, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ẹ̀dọ̀ àdán. Irú àdán tó ń jẹ èso ni, irú èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé inú ọgbà yunifásítì náà rí mọ̀ dáadáa. Wọ́n á so rọ̀ sórí igi lọ́sàn-án bí ewé gbígbẹ, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, wọ́n á gbéra, ojú ọ̀run á kún fún wọn. Ohun tí àwọn olùwádìí náà ń wá nínú ẹ̀dọ̀ ẹran yìí ni ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní rhodanese. Wọ́n rí i nínú omi tó yí inú sẹ́ẹ̀lì ká, bẹ́ẹ̀ inú mitokọ́ńdíríà ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń júwe fún ẹni tó bá ń wá a. Nígbà tó di 2010, Agboọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe àlàyé irú ẹ́ńsáìmù yìí kan náà nínú ẹ̀dọ̀ ẹja àrọ̀ láti Adágún Aṣéjirẹ́.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ Ifẹ̀ fi ń lọ láti ara àdán dé ara ẹja nítorí ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo? Ìdáhùn náà wà nínú abọ́ ẹ̀bà. Ẹ gba Mọ̀dákẹ́kẹ́ kọjá, kí ẹ gba Ìpetumodù àti Ẹdúnàbọ̀n, ẹ óò gbóòórùn ẹ̀gẹ́ tó ń kan nínú àpò kí ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti ń rin ín. Oúnjẹ tí à ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ ní sáyánáìdì nínú kí a tó ṣe é, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ṣe é tán. Ẹ̀dọ̀ wa ló máa ń bá a jà, rhodanese sì ni ohun ìjà tó gbójú lé jù.

Kí a tó wọ inú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a là yé ara wa, torí ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Bí dókítà bá wo ìwé àyẹ̀wò yín tó ní “ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ yín ga”, kì í ṣe rhodanese ló ń sọ. Àwọn tó wà lórí ìwé yẹn ni ALT, AST àti ALP. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ALT àti AST máa ń wà. Bí àrùn jẹ́dọ̀jẹ́dọ̀, ọtí tàbí oògùn bá ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n. Lórí ìwé àyẹ̀wò mìíràn ẹ lè rí SGPT dípò ALT, tàbí SGOT dípò AST. Orúkọ àtijọ́ ni, ohun kan náà ni. A kì í lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò rhodanese. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ “ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀” ní ilé ìwòsàn, ohun tó jò jáde ni wọ́n ń sọ, èyí tó ń fi hàn pé nǹkan ti ṣe ẹ̀dọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bàókẹ́mísìrì bá sọ ọ́, ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì.

Ní ọdún 1933 ni onímọ̀ ará Jámánì kan, Kurt Lang, kọ̀wé nípa ẹ́ńsáìmù yìí tó sì fún un ní orúkọ. “Rhodan” ni àwọn ará Jámánì ń pe thiocyanate, ohun tí ẹ́ńsáìmù yìí ń sọ sáyánáìdì dà, nígbà náà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òdòdó róòsì ni wọ́n ti fà á yọ, torí pé bí thiocyanate bá pàdé irú irin kan nínú omi, omi náà á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Pípọ́n yìí ni wọ́n ṣì fi ń ṣe ìwádìí rẹ̀ títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ á po thiosulfate àti sáyánáìdì pọ̀ mọ́ omi ẹ̀dọ̀ tó fẹ́ yẹ̀ wò, á fi formaldehyde dá iṣẹ́ náà dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá da omi irin sí i. Bó bá ṣe pọ́n tó ni ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ṣe ṣiṣẹ́ tó, ẹ̀rọ sì ni wọ́n fi ń ka pípọ́n náà, ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ 460 nanometer.

Ẹ kíyè sí bí orúkọ náà ṣe parí. Láti ìgbà tí Payen àti Persoz ti pe ti wọn ní “diastase” ní ilẹ̀ Faransé ní 1833, ìparí “-ase” ló ti wá di àmì ẹ́ńsáìmù. Rhodanese kò tẹ̀ lé wọn. “-Ese” ló fi parí, ẹni tó bá sì kọ “rhodanase” ti ṣì í kọ. Ní 1961, nígbà tí ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ẹ́ńsáìmù gbé ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, wọ́n fẹ́ kí orúkọ ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan máa sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Lábẹ́ ètò náà, rhodanese di EC 2.8.1.1. Nọ́ńbà 2 yẹn ń sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn ló wà. 8 ń sọ pé ohun tó ní imí-ọjọ́ nínú ló ń gbé. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún wá di “thiosulfate:cyanide sulfurtransferase”, ìyẹn ni pé ó ń gba imí-ọjọ́ lọ́wọ́ thiosulfate, ó ń gbé e fún sáyánáìdì.

Mo mọ̀ pé orúkọ kúkúrú ló rọrùn lẹ́nu, àmọ́ orúkọ gígùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Rhodanese sọ àwọ̀ tí thiocyanate ń ní nínú ìgò fún wa, ó tán síbẹ̀. Orúkọ gígùn sọ pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ náà: ẹni tó ń fúnni ní imí-ọjọ́, àti sáyánáìdì tó ń gbà á. Ọ̀pọ̀ ìwé àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ kàn máa ń sọ pé “rhodanese ń pa oró sáyánáìdì”, wọ́n á dákẹ́ síbẹ̀. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni, ìdajì tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ni ó kan ohun tó wà nínú ọbẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Inú ẹ̀gẹ́ ni linamarin wà, ṣúgà kan tí sáyánáìdì so mọ́ lára. Linamarin ní yàrá tirẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńsáìmù tó lè já a, linamarase, wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì náà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá ṣì wà lódidi, àwọn méjèèjì kì í fojú kan ara wọn. Bí òkété bá gé e jẹ tàbí bí ẹ̀rọ bá rin ín, ògiri wó, wọ́n pàdé, sáyánáìdì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ohun tí ẹ̀gẹ́ fi ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àti ẹran nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ tí a lè sè jẹ lásán kì í sábà ju 50 mílígíráàmù sáyánáìdì nínú kílò kan lọ. Èyí tó korò lè kọjá 100, ó tiẹ̀ lè di ọgọ́rùn-ún mélòó kan, pàápàá ní ọdún tí òjò bá ṣọ̀wọ́n. Ti inú ewé àti èèpo tún pọ̀ ju ti inú ẹran ẹ̀gẹ́ lọ.

Bí sáyánáìdì bá wọ ara, ó máa ń di mọ́ cytochrome oxidase, ẹ́ńsáìmù inú mitokọ́ńdíríà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lo ọ́síjìn. Ẹni náà á máa mí, ọ́síjìn á kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní lè lò ó. Àárín ibẹ̀ náà, nínú mitokọ́ńdíríà ẹ̀dọ̀, ni rhodanese ti ń ṣiṣẹ́. Ó gba átọ́ọ̀mù imí-ọjọ́ kan lára thiosulfate, ó gbé e sórí ara rẹ̀, lórí cysteine tó wà ní ipò 247, lẹ́yìn náà ó gbé e lé sáyánáìdì lọ́wọ́. Sáyánáìdì tó bá ti gba imí-ọjọ́ ti di thiocyanate, tí oró rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kíndìnrín á sì yọ ọ́ sínú ìtọ̀. Rhodanese á tún bọ́ sófo, á tún lọ gba imí-ọjọ́ mìíràn.

Bó bá wá lọ gba òmíràn, tí kò sí ńkọ́? Ẹ́ńsáìmù náà pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn ju ohun tí oúnjẹ ojoojúmọ́ lè béèrè lọ. Ohun tó máa ń tán ni imí-ọjọ́. Bíríkìlà mẹ́wàá tí kò ní sìmẹ́ńtì kò lè mọ ògiri kan. Inú oúnjẹ amúaradàgbà ni imí-ọjọ́ ara wa ti ń wá, láti ara methionine àti cysteine tó wà nínú ẹyin, ẹja, ẹran, àti díẹ̀ nínú ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní amúaradàgbà tó nǹkan. Ó wá jẹ́ pé oúnjẹ tó ń mú sáyánáìdì wọlé ni oúnjẹ tí kò mú imí-ọjọ́ tí a máa fi bá a jà dání.

Àwọn dókítà ti mọ agbára imí-ọjọ́ yìí tipẹ́. Ní 1933 tí Lang kọ̀wé náà ni K. K. Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ oògùn Eli Lilly ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fún ẹranko tó jẹ sáyánáìdì ní nitrite àti thiosulfate pa pọ̀, ó lè yè. Wọ́n ṣì ń gún sodium thiosulfate fún ẹni tí sáyánáìdì bá mú. Kì í ṣe oògùn tó ń pa sáyánáìdì fúnra rẹ̀. Oúnjẹ rhodanese ni.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, onímọ̀ àrùn iṣan àti ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó rí àwọn àgbàlagbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta bí iná, tí ẹsẹ̀ ti kú tipiri, tí wọ́n ń rìn tàgétàgé bí ẹni tó mutí. Ojú àwọn kan ń ṣókùnkùn, etí àwọn mìíràn ń di. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni wọ́n sì ń jẹ lójoojúmọ́. Ní 1968, nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Brain, Ọ̀ṣuntókun fi hàn pé thiocyanate pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí, àti pé àwọn èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú ti dín kù. Ẹ fi orúkọ gígùn ẹ́ńsáìmù náà wo àbájáde yìí. Thiocyanate tó pọ̀ ń sọ pé rhodanese ti ń ṣiṣẹ́ kárakára. Imí-ọjọ́ tó dín kù ń sọ iye tí iṣẹ́ náà ná ara.

Ṣé ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á? Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé ìjiyàn ṣì wà. Ní 2000, O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àrùn náà ṣì wà ní Òṣòsà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ wo ìlú mìíràn tí sáyánáìdì láti inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti pọ̀, àrùn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Lójú tèmi, èyí kò dá ẹ̀gẹ́ láre pátápátá. Ó ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ru ohun kan ṣoṣo.

Ibi tí ẹ̀rí ti lágbára jù ni àrùn konzo. Dókítà Trolli ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Congo ní 1938. Àwọn ẹ̀yà Yaka níbẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, ó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí a dè. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ọmọ tàbí obìnrin tó ń rìn lánàá á gan, kò sì ní padà sípò mọ́. Ní 1981, ọ̀dá mú àwọn ará àríwá Mozambique, ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù nílẹ̀, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró kí wọ́n rẹ ẹ́ pẹ́ tó. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí konzo dá ẹsẹ̀ wọn dúró. Sáyánáìdì pọ̀, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀wà, kò sí imí-ọjọ́. Rhodanese wà nínú ẹ̀dọ̀ gbogbo wọn.

A kì í gbọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, mo sì gbà pé àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ni a ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìpele iṣẹ́ wọn ló ní ìdí. Bí wọ́n bá bó èèpo, wọ́n ti mú apá tó ní oró jù kúrò. Bí wọ́n bá rin ín, linamarin àti linamarase pàdé. Bí wọ́n bá dì í sínú àpò, tí wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, omi rẹ̀ á máa jò lọ, iṣẹ́ jíjá náà á sì ní àkókò láti parí. Bí wọ́n bá kù ú tán tí wọ́n yan án nínú agbada gbígbóná, sáyánáìdì tó ṣẹ́ kù á bá èéfín lọ, torí ìwọ̀n ooru 26 péré ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex ní kí sáyánáìdì tó dá wà nínú gàrí má ṣe ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni kánjúkánjú. Ọjà gbówó lórí, igi ìdáná wọ́n, àwọn kan ń fún ẹ̀gẹ́ gbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n rin ín, wọ́n sì ń yan án lọ́jọ́ náà. Gàrí bẹ́ẹ̀ lè funfun, kó dára lójú, síbẹ̀ kí ó má tíì bọ́ lọ́wọ́ oró. Ẹ bi ẹni tí ẹ ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye ọjọ́ tó lò nínú àpò. Ìbéèrè tó dáa ni, kì í ṣe àrífín. Láfún náà nílò kí a rẹ ẹ́ dáadáa kí a tó sá a. Fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ó bá ń kọ ni lóminú, ọ̀nà kan wà tí Howard Bradbury ti ilẹ̀ Australia gbé jáde, tí wọ́n ti lò láti dènà konzo. Ẹ fi omi po ìyẹ̀fun náà, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí nǹkan, kó lo wákàtí méjì nínú oòrùn tàbí márùn-ún lábẹ́ òjìji, lẹ́yìn náà kí ẹ rò ó lọ́jọ́ náà. Omi yẹn á jẹ́ kí linamarase tó ṣẹ́ kù parí iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ohun tí a ó fi jẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mu gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà ń fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní nǹkan díẹ̀. Ẹni tó fi ẹja dídín tàbí ẹyin kún un ń fún un ní púpọ̀. Ẹni tó yẹ kí ọkàn wa máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ tó ń fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ ẹ̀bà láti oṣù dé oṣù, nígbà tí ẹja inú ìkòkò ń lọ sí abọ́ àgbà. Àṣà fífún bàbá ní ẹran tó tóbi jù kò burú bí ẹran bá pọ̀. Bó bá ṣe ẹyọ kan ló kù, ọmọ ni kí ẹ fún.

Ọ̀rọ̀ epo pupa ńkọ́? Bí ènìyàn bá jẹ májèlé, epo ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré gbé. Ọ̀rá ni epo. Kò ní imí-ọjọ́ tí rhodanese lè gbà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rọ ọ́ sẹ́nu ẹni tó ti dákú, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa á. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ láàárín wákàtí díẹ̀ tó jẹ ẹ̀gẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ̀gẹ́ ló jẹ.

Kódà nígbà tí rhodanese bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú, ohun kan ṣì kù. Thiocyanate máa ń dí áyódíìnì lọ́nà nínú ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Bí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ lára ẹni tí áyódíìnì inú oúnjẹ rẹ̀ kò tó, gẹ̀gẹ̀ lè yọ sí i. Láti 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódíìnì sínú iyọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ wo ara ọ̀rá iyọ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì máa dé e pa nílé, torí bí iyọ̀ bá ṣí sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin, áyódíìnì rẹ̀ á máa dín kù díẹ̀díẹ̀.